Ohun Tó O Bá Gbé Mì Ni Yóò Mì Ẹ́

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mùtíù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò fi kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́. Ife omi ló gbé fún mi, ó kún dẹ́nu, ó ní kí n gbé e ti ikùn kí n máa rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká. Bí omi bá kán sílẹ̀, a óò tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé ni, mo gbẹ bí igi ìdáná, ikùn mi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Omi kò kán. Ọ̀gá ní, "Ó dáa. Ikùn ẹ ni tábìlì iṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kó yọ síta o."

Kámẹ́rà ayé ìgbà náà, olójú méjì ni, kì í ṣe èyí tí à ń gbé sójú. Ikùn là ń gbé e tì, a ó wá tẹrí ba wo gíláàsì tó wà lórí rẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, kò sí wàhálà. Níbi tó bá ṣókùnkùn, ojú kámẹ́rà máa ń pẹ́ kó tó padé, bí ẹni tó ń yà á bá sì mí, àwòrán á mì. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá kì í fi í yé sọ pé, "Ohun tó o bá gbé mì ni yóò mì ẹ́." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé àwàdà ni.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ló bà mí jẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí fótò kúrò nílé wọn láìjẹun. Fótò ni wọ́n ń pe àwòrán, fótò náà ni wọ́n ń pe èmi. Wọ́n gbà pé bí ebi bá ń pa fótò, orí èèyàn ló máa gé dànù nínú àwòrán. Ìsọmọlórúkọ, yìgì, wòlímọ̀, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún mi. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ sì ti bú onílé nìyẹn, èmi kì í sì í bú èèyàn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, mo ti lu ihò tuntun mẹ́ta sí bẹ́líìtì mi. Ọ̀gá wo ikùn mi, ó ní, "Tábìlì ti di òkè."

Sìkírátù tó ń ta léèsì ní Balógun ló wá pè mí lọ́jọ́ kan. Màmá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníṣúgà nítorí ṣúgà tó tà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Òkè Àrin, kò ya fótò rí. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ojú òun lọ síbi tí òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Rájí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ó sì kọ lẹ́tà pé ojú màmá òun ti ń parẹ́ lọ́kàn òun. Lẹ́tà yẹn ló mú Ìyá gbà.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo," ló wí fún mi. "Ẹ̀ẹ̀kejì ò sí o."

Àṣẹ rẹ̀ pọ̀. Mànàmáná kámẹ́rà ò gbọdọ̀ kan ojú òun. Òun ò ní jáde sí àgbàlá, ẹnu ọ̀nà yàrá òun lòun máa jókòó sí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé kò fi lè là. Lékè gbogbo rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ìmóyò ẹja ló gbé síwájú mi.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká yà á tán ná."

"Háà! Ṣé o fẹ́ fi ebi ba ojú mi jẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ mi ni?"

Mo jẹun. Kí n má purọ́, mo bu kún un lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dìde, mo ní, "Ẹ má mì o, Ìyá." Ìyá ò mì. Ó jókòó bí òpó. Èmi ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ikùn ń gbé kámẹ́rà sókè tó ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

Nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù, bí àwòrán ṣe ń yọ nínú omi ni ẹ̀rù bà mí. Ìyá ní imú méjì. Ọ̀gá yọjú wò ó, kò bínú.

"Kí lo jẹ?"

"Ẹ̀bà, sà."

"Mélòó?"

Mo fa ẹ̀wù bo ikùn.

Nígbà tí mo gbé e lọ, Ìyá mú un sún mọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà. "Ta ni àwọn méjì yìí?" Sìkírátù fọwọ́ bo ẹnu. Mo lè sọ pé Ìyá ló mì, ohun tí àwa fótò máa ń sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti purọ́ mọ́ arúgbó tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ mi. Mo ní, "Ìyá, ìmóyò yín ni. Mo yó jù, mò ń mí, kámẹ́rà sì mì."

Ó wo ikùn mi títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, gèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ já lórí rẹ̀. "Nítorí pé o ò purọ́ mọ́ mi, mo fún ẹ ní ọ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n lọ bá ikùn ẹ sọ̀rọ̀ ná." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fa èyí tó bàjẹ́ yẹn ya. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹni tó máa mú fótò lọ fún Rájí máa wọkọ̀ òfurufú lóṣù tó ń bọ̀, torí náà àyè ò sí.

Láti ọjọ́ kejì, bí a bá ti kí àsùbáà tán, mo máa ń gbé àpò kámẹ́rà kọ́rùn, mo máa ń sáré láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Obalende. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kọndọ́kítọ̀ kan gbá mi mú lọ́rùn ẹ̀wù ní gáréèjì.

"Kámẹ́rà ta lo jí?"

"Tèmi ni! Mò ń dín ikùn kù ni!"

"Irọ́ ńlá! Àgbà kì í sáré ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e."

Èrò pé lé wa lórí. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá alákàrà kan tí mo ya fótò ọmọ rẹ̀ rí, òun ló pariwo pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, fótò wa ni!" Àánú mi ṣe é débi pé ó pọ́n àkàrà márùn-ún fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jẹ wọ́n. Eré ọjọ́ yẹn já sásán.

Nígbà tí oṣù ń parí lọ, mo padà sọ́dọ̀ Ìyá lọ́jọ́ Àlàmísì kan. Ẹ̀bà àti ìmóyò tún jáde.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo gbààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ Ọlọ́run ni àbí ààwẹ̀ fótò?"

"Méjèèjì ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wò mí. Mo sé èémí. Ikùn mi dúró jẹ́ẹ́ bí ọjọ́ ife omi. Fótò náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè ka ilà ojú rẹ̀. Inú mi dùn, n kò lè purọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Rájí.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí Ìyá tó kú. Wọ́n pè mí síbi fìdáù rẹ̀, kì í ṣe fún iṣẹ́. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà, Sìkírátù mú nǹkan kan jáde láti inú àpótí Ìyá, ó fi lé mi lọ́wọ́. Fótò tó mì ni, elétí kíká, pẹ̀lú imú méjì rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé Ìyá ò fà á ya ni?"

"Ó kọ̀," ni Sìkírátù wí. "Ó ní èyí tí kò mì, kó lọ bá Rájí. Ó ní èyí lòun fẹ́, pé alààyè ló ń mì. Ó ní ọjọ́ tí òun ò bá mì mọ́, a ó mọ̀."

Sìkírátù gbé ẹ̀bà àti ìmóyò síwájú mi, ó ní, "Ẹ jẹun, fótò." Kámẹ́rà mi wà nílé. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ikùn mi máa mì bó ṣe fẹ́.