Kérésìmesì Tí Mo Ń Sá fún Omi

Mo ṣì kéré, n kò ju ọmọ ọdún méje lọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣọdún Kérésìmesì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni mo fura sí, títí kan ìyá tó bí ìyá mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ́ mi ni.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń rán fìlà, Mùsùlùmí ni, kì í fi ìrun márààrún ṣeré. Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti kú kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ọdọọdún ni ìyá àgbà, ìyá ìyá mi, máa ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ọmọ ọmọ òun nígbà Kérésìmesì. Bàbá mi kì í dáhùn. Ìjọ ìyá àgbà jẹ́ ìjọ tí í tẹ ènìyàn bọ omi pátápátá, orí àti ẹsẹ̀, kí wọ́n tó kà á mọ́ ara wọn, ohun tó ń ba bàbá mi lẹ́rù nìyẹn.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ó gbà. Ó mú mi lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò, ó fà mí lé obìnrin àdúgbò wa kan tó ń lọ tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́, ó wá lóṣòó níwájú mi. Ó ní, "Jẹun wọn. Kọrin wọn bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi omi kàn ọ́ lórí, o ò ní fojú kan ìyá àgbà mọ́ láyé."

Ẹ wá wo wàhálà tí mo kó bá ìyá arúgbó. Tí ó bá gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀, màá wẹ ara, n ò ní jẹ́ kó dé orí. Ó fẹ́ fọ irun mi kí wọ́n lè dì í fún ọdún, mo ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ó ní ṣé orí ń fọ́ mi ni, mo ní rárá. Kò bi mí mọ́, ó fi irun náà sílẹ̀ pẹ̀lú eruku ọyẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ ò rí i, ó mọ nǹkan tó ń gbèrò.

Ó ti kọ́ mi ní ẹsẹ Bíbélì kan tí àwa ọmọdé máa kà níwájú ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n ò ní purọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan nínú agboolé wá sọ fún mi pé pákó ni wọ́n tẹ́ síbi tí a máa dúró sí, àti pé abẹ́ pákó yẹn gan-an ni kòtò omi tí wọ́n ti ń tẹ ènìyàn bọmi wà. Háà, ọ̀rọ̀ wá yé mi. Ẹsẹ Bíbélì kọ́ ni wọ́n ní kí n wá kà. Wọ́n fẹ́ gbé mi dúró sórí pákó, kí wọ́n sì fa pákó yọ lábẹ́ mi.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tuntun ń dún lára gbogbo ènìyàn, bàtà tuntun ń fún àwọn ọmọdé lẹ́sẹ̀. Ó kàn mí. Mo gbé ẹsẹ̀ lé pákó, ó dún bí ohun tó ṣófo nísàlẹ̀. Díákónì àgbàlagbà kan na ọwọ́ láti fà mí gòkè. Ìyẹn tó. Mo já ara mi gbà, mo sá gba àárín ìjọ kọjá, mo ń ké pé, "Bàbá mi ní kí ẹ má tẹ̀ mí bọmi!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín o, nítorí gbogbo ìjọ ti wá mọ̀ báyìí pé àna rẹ̀ kà á sí gbọ́mọgbọ́mọ.

Ó wá bá mi lẹ́yìn ilé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti múra fún ìgbájú, ṣùgbọ́n ó kàn fà mí lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ìsìn parí tí èrò sì lọ tán, ó mú mi wọlé, ó bẹ díákónì kó ṣí pákó náà. Inú kòtò gbẹ táútáú. Nínú ọyẹ́ tí kànga ìlú ti fà lọ sísàlẹ̀, ta ni yóò rí omi dà síbẹ̀? Iṣu ìkórè ni wọ́n kó sí i, àti àga mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn ti kán.

Síbẹ̀, n ò gbà. Mo bi í pé ṣé wọ́n á kó iṣu kúrò tí mo bá sùn ni. Ó jókòó sórí pákó.

Ó ní, "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó wù mí kí n rí ọ nínú omi yìí, bí mo ṣe rí ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n baba rẹ ló fi ọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò ní jí ọmọ ọlọ́mọ fún Ọlọ́run."

Omi lé ròrò sí i lójú. Ojú tì mí gan-an. Nígbà tí a délé lọ́sàn-án, èmi fúnra mi ni mo ní kó wá fọ irun mi.

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi dé. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí níṣojú ìyá àgbà pé ṣé wọ́n fi omi kàn mí lórí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ yí padà, ó di ọwọ́ mi mú, ó fẹ́ máa fà mí lọ. Mo fẹsẹ̀ tilẹ̀, mo ro ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀: irun tí mo ní kí wọ́n fọ̀, sísá tí mo sá, iṣu inú kòtò, àti gbogbo ohun tí ìyá àgbà sọ lórí pákó yẹn. Bàbá mi bọ́ bàtà, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí." Láti ọdún yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú mi lọ ṣe Kérésìmesì.

Ayé ti yí o. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fura sí ọ á wá bá ọ nílé, á bi ọ́ lójúkojú. Orí fóònù ni wọ́n ti ń fura lónìí. Èmi náà ti di ìyá àgbà, Ọ̀yọ́ ni mo wà, mo sì ń kírun bíi ti bàbá mi. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àdúgbò Under G ni wọ́n ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà Iléyá tó kọjá, ó gbé ọmọ rẹ̀ wá láàárọ̀, ó ní kò ní sùn mọ́jú, òun ń bọ̀ wá mú un kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń bi ọmọ náà bóyá ó ti jẹ nǹkan kan. Mo bu ẹran síwájú ọmọ náà, kò fọwọ́ kàn án. Mo ní ṣé kò fẹ́ràn ẹran ni. Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀. Ó wá ní, "Màmá àgbà, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀."

Mo mú ọ̀kan, mo jẹ ẹ́. Ó ń wo ẹnu mi títí mo fi gbé e mì. Síbẹ̀, kò jẹ.