Alága Kò Lè Mú Ẹja Mọ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ro ohun tójú mi rí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ò kan òun, kó ṣáà rọra kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ góòlù ni mí ní Pápá Àjàó. Mo ń rọ òrùka, mo ń jó ṣéènì tó já, mo ń to òkúta sára yẹtí. Ó ti lé lógún ọdún. Kànáàlì ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, igi fúrúùtù kan sì wà létí ẹ̀. Omi yẹn ò ṣeé fi ṣan ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ẹyẹ sì máa ń wá jẹ wọ́n.

Ẹyẹ funfun kan wà láàárín wọn. Kì í ṣe lékeléke tó máa ń tẹ̀ lé màlúù o! Eléyìí ga, ọrùn ẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú, inú omi ló ti ń wá oúnjẹ. Alága ni mo sọ ọ́, torí ó máa ń dúró bí alága ẹgbẹ́ onílé tó ń retí kí ariwo rọlẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ń mu tíì, òun ni mò ń wò. Á dúró, á dúró, á ta ọrùn sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹja ti dé ẹnu ẹ̀! Kì í tàsé. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun, mo gba ti ẹyẹ yẹn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ góòlù kì í da ìdọ̀tí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nù? Tá a bá gbálẹ̀, inú dírọ́ọ̀mù là ń kó o sí, torí ẹ̀rún góòlù tó ń bọ́ lára iṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Tó bá ti pọ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó bu omi sí i, a ó wá da mẹ́kúrì lé e. Nǹkan dídán tó máa ń wà nínú tẹmómítà àtijọ́ nìyẹn, tó ń yí gbirigbiri, tó sì wúwo. Tá a bá ń fọwọ́ pò ó, á máa gbé ẹ̀rún góòlù mì. A ó fún un nínú aṣọ, a ó fi iná jó o, mẹ́kúrì á bá èéfín lọ, góòlù á ṣẹ́ kù.

Omi àti ẹrẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Kànáàlì ni! Bí ọ̀gá mi ní Èbúté Mẹ́ta ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí ọ̀gá tiẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ. Ó ní nǹkan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ á rì sísàlẹ̀, ó parí. Mo gbà á gbọ́. Kí ni n ò ní gbà sí?

Lọ́dún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ rí i tí Alága tàsé. Ó tún ta ọrùn, ẹja gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kọjá. Mo pe aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó wá wòran, pé Alága ti darúgbó, kí wọ́n yára dìbò yan ẹlòmíì. A jọ rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ó ń le sí i. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọrùn ẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí atẹ́gùn ò fẹ́. Òun àti ìyàwó ẹ̀ ti kọ́ ìtẹ́ sórí igi fúrúùtù yẹn, mo gun àkàbà, mo rí ẹyin mẹ́ta. Dípò kí wọ́n sàba lé e, ṣe ni wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á lọ dúró sórí páànù, oòrùn á máa pa ẹyin. Mo wá ń yọjú sí ẹyin mẹ́ta yẹn ju bí mo ṣe ń yọjú sí oníbàárà lọ. Mo fẹ́ kí ọmọ jáde níbẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló kàn mí, mo kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Àsìkò yẹn ni Mojísọ́lá dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, inú láàbù kan ní Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́. Òkúta òrùka ẹ̀ ló yọ, ó ní kí n bá òun dá a padà. Mo fi Alága hàn án lójú wíńdò, mo ní kó wo arúgbó mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tá à ń dà sí kànáàlì. Èmi náà ò fi bò, mo nawọ́ sí ìgò mẹ́kúrì mi.

“Mẹ́kúrì kẹ̀? Inú kànáàlì lẹ ń dà á sí? Ah! Bọ̀dá!”

Mo ní díẹ̀ ni, kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó ní ìdérí mélòó láti ogún ọdún? Alágbẹ̀dẹ mélòó ló wà létí omi yìí?

Ó wá là á yé mi. Ó ní mẹ́kúrì kì í jẹrà. Tó bá dé inú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò tójú ò lè rí á yí i padà di oríṣi tó burú jù, tó ń wọ ara tí kì í tètè jáde. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, ẹyẹ á wá máa jẹ wọ́n lójoojúmọ́, gbogbo ẹ̀ á sì gbára jọ sára ẹyẹ. Ọpọlọ ló ń bá jà. Ojú ẹyẹ á rí ẹja, ọrùn ò ní ba ibi tójú wò. Á máa fi ẹyin ẹ̀ sílẹ̀. Ẹyin míì ò tiẹ̀ ní lọ́mọ nínú rárá.

Mo bá a jiyàn o! Mo ní bátìrì àti gílóòbù tí wọ́n ń dà síbẹ̀ ńkọ́? Ó ní àwọn náà wà níbẹ̀, òun ò sì lè fojú lásán búra. Ó bọ ìbọ̀wọ́, ó ṣa ìyẹ́ tó bọ́ lábẹ́ igi, ó bu ẹrẹ̀, ó ní òun máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n parí òrùka òun. Mo fi ẹ̀mú mú òkúta, mo gbé e sójú ihò ẹ̀. Ó bọ́. Mo tún gbé e, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ní gíláàsì ojú mi ló ti gbó. Mojísọ́lá ò wo wíńdò mọ́, ọwọ́ mi ló ń wò.

“Bọ̀dá, látìgbà wo?”

Mo gbé òrùka náà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé iṣẹ́ wínníwínní fún alágbẹ̀dẹ míì, tí mò ń sọ pé àyè ni ò sí. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́ fún yín.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mẹ́kúrì wà nínú ìyẹ́, ó wà nínú ẹrẹ̀. Dókítà tí Mojísọ́lá mú mi lọ bá náà yẹ ara mi wò, ó bá a níbẹ̀. Ó ní èéfín tí mò ń fà símú nídìí iná ni.

Ẹyin mẹ́ta yẹn ò lọ́mọ. Aránbàtà ló sì bá òkú Alága létí omi. Ó wá sọ fún mi, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Mojísọ́lá ti gbé ìgò mi lọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ti ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n nípàdé àwa alágbẹ̀dẹ. Ọ̀kan bi mí pé ṣé torí ẹyẹ ni mo ṣe ń dààmú àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹyẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tá a túká, àwọn méjì tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rọra béèrè báwo ni ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ohun tá a dà nù ò lọ ibì kankan, ẹyẹ ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kó tó kàn wá. Alága fi hàn mí ní gbangba, èmi ń fi í ṣẹ̀fẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé létí omi, láti Ìjọra dé Mushin, ṣé àwọn ẹyẹ yín ṣì ń mú ẹja? Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti rí fún mi nísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Àmọ́ tí mi ò bá tètè dáhùn, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ èyí tẹ́ ẹ kà yìí. Mo ń rí lẹ́tà tí mo fẹ́ tẹ̀ dáadáa, ìka mi ni kì í bà á.