Ọwọ́ Kejìlá

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà fóònù Circle lọ́jọ́ iṣẹ́, tẹ́ ẹ béèrè Abdul-Rahim tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n á ní, "Èwo nínú wọn?" Rahim pọ̀ ní Circle bíi pé wọ́n ń gbìn wọ́n. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ní Rahim olókè, ẹ ò ní sọ ọ́ tán tí wọ́n á ti nawọ́ sí i. Òun nìyẹn, ó ga bí òpó iná, ó dojú bo fóònù tójú ẹ̀ ti fọ́, bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè sì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àfi bíi pé òkè lè yọjú sí i nígbàkigbà.

Darkuman ni wọ́n bí i sí. Bàbá ẹ̀ ló ti Ìniṣà wá, nílẹ̀ Yorùbá. Níléèwé, Alata ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n fi ń bú ọmọ Yorùbá níbẹ̀, ó sì ń bá wọn jà. Nígbà tó yá ó rí i pé ìjà yẹn ò lè tán, ló bá kúkú ń fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Ojú ẹ̀ là. Ẹni tó bá fẹ́ ta fóònù ayédèrú fún un, á kọ́kọ́ tún ara ẹ̀ bí. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe: kò lè fẹnu ka èèyàn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ìyá ẹ̀ bí méje, tẹ́ ẹ bá sì bi í pé mélòó, á ní, "Àwọn tí Ọlọ́run fún mi ni." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé Rahim yìí kan náà ló ń ṣáájú ẹgbẹ́ kíípù-fíìtì àwọn Yorùbá Darkuman. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó máa ń kó wọn lọ gun òkè. Ẹni tó bá sì ń kó èèyàn lọ sókè, ó gbọ́dọ̀ mọ iye tó kó lọ àti iye tó kó bọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó nàka sí wọn, "ení, èjì, ẹ̀ta," Àlájà Ṣùkúrátù ló já a gbà lẹ́nu ẹ̀. Àlájà yìí ń ta léèsì ní Kaneshie, ó sanra dáadáa, dókítà ló ní kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Rahim! Ta lò ń kà yẹn? Ṣé àgbò iléyá ni wá ni?"

"Àlájà, ẹ má bínú. Kí n kàn lè mọ̀ bóyá a pé ni."

"Wá ọ̀nà míì mọ̀ ọ́n. Tó o bá tún nàka sí mi, màá gé e sọ́wọ́ ẹ."

Bí Rahim ṣe dọ́gbọ́n nìyẹn. Iye èèyàn tó bá tẹ̀lé e, iye píọ̀ wọ́tà tó máa kó sápò nìyẹn. Tó bá tó àkókò láti sọ̀ kalẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá ń kọjá á mú ọ̀kan. Tápò bá ti ṣófo, wọ́n pé. Omi ló ń kà, kò ka èèyàn, ọkàn ìyá ẹ̀ balẹ̀, ọkàn Àlájà balẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò yẹ̀ rí.

Àfi ọjọ́ adágún yẹn.

Òkè kan ló wà lẹ́yìn ìlú Dodowa. Kì í ṣòkè tó ń pààyàn, ẹni tó bá rọra rìn á fi wákàtí méjì dórí ẹ̀. Ẹ máa la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, lẹ́yìn náà lọ̀nà á wá gba góńgó ẹ̀yìn òkè náà lọ tààrà, bíi kéèyàn máa rìn lórí egungun ẹ̀yìn màlúù, ọ̀tún dà gẹ̀rẹ́, òsì dà gẹ̀rẹ́. Ìparí ẹ̀ ni adágún yẹn wà, nínú kòtò láàárín àpáta. Kò tóbi. Ẹ lè ju òkúta kọjá ẹ̀. Àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ kì í bọ ọ́, wọn kì í pẹja nínú ẹ̀, wọn kì í tiẹ̀ débẹ̀. Rahim bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Oṣù Júùnù ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Èèyàn méjìlá ló tẹ̀lé e. Afeefah, ọmọ Àlájà, wà níbẹ̀. Tema ló ti ń ṣiṣẹ́, èdè Twi sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Suhaib náà wà níbẹ̀, aláwàdà, ẹni tó ti fẹnu gun òkè tán kó tó gbẹ́sẹ̀.

"Àlájà, ṣé ká gbé yín ni?"

"Kọ́kọ́ gbé ikùn tìẹ ná, òkú ọ̀lẹ."

Wọ́n débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Omi náà dúdú, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé lókè orí wọn, ṣùgbọ́n ojú omi ò mì. Kò sẹ́yẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ò ké, lásìkò òjò. Suhaib pariwo "Chale!" kí ohùn ẹ̀ lè ta padà láti ara àpáta. Kò ta padà. Ńṣe ló dà bíi pé omi gbé e mì. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pariwo mọ́.

Wọn ò tíì jẹun tán tí ìkùukùu fi dé. Kì í ṣe ojú ọ̀run ló ti sọ̀ kalẹ̀ o. Inú adágún gan-an ló ti ń dìde, ó funfun, ó ki bí ògì.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Rahim wí. Ó sáré dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí àpò.

Kò rójú ẹnì kankan. Ọwọ́ ló ń rí. Ọwọ́ á yọ nínú ìkùukùu, á mú omi, ohùn á ní "Mẹdáàsè, bùròdá," á kọjá. Afeefah ló kọ́kọ́ kọjá, èékánná pupa. Suhaib mú tiẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí Máltà ni?" Ọwọ́ ń yọ, omi ń dín. Ọwọ́ tó kẹ́yìn pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó rin gbingbin dé ìgunpá, ó kan ìka Rahim, ó tutù bíi yìnyín. Kò dúpẹ́. Rahim rò pé ẹnì kan ló lọ ṣàlùwàlá létí adágún. Ó fọwọ́ tú àpò wò. Ó ṣófo.

Wọ́n pé, àbí?

Nísàlẹ̀, oòrùn ń ràn bíi pé kò gbọ́ nípa ohun tó ń lọ lókè. Yàkúbù dẹrẹ́bà wọn ti yí mọ́tò trótró sójú ọ̀nà. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Afeefah wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bùròdá Rahim, màámi ńkọ́?"

"Wọ́n ti wà nínú mọ́tò."

"Wọn ò sí nínú mọ́tò o. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ jọ ń bọ̀."

Rahim yíjú sí Suhaib. Suhaib gbọ́wọ́ sókè. "Bùròdá, ẹ má wò mí. Látìgbà tá a ti kúrò lókè, mi ò rí Àlájà sójú."

Rahim nàka. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, ó fẹnu kà wọ́n, ení, èjì, ẹ̀ta, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Mọ́kànlá. Ó wo àpò òfìfo tó wà léjìká ẹ̀. Ó wo ìka ẹ̀. Ó ṣì ń tutù.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà lọ́wọ́ mi," Afeefah wí. "Ẹ mú màámi wá fún mi."

Suhaib bọ́ sílẹ̀. "Ó yá, ká jọ lọ."

"Rárá. Kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀lé mi. Tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, mi ò ní mọ ẹni tó ni ín."

Ó gun òkè náà bí ẹni tí ajá ń lé. Ibi tí oko ẹ̀gẹ́ parí sí ló ti rí i: ipasẹ̀ bàtà àwọn èèyàn ẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àti láàárín wọn, ipasẹ̀ ẹsẹ̀ lásán kan tómi kún inú ẹ̀. Ẹni tó ni ín ti tẹ̀lé wọn bọ̀ títí dé ibi tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti yí padà.

Rahim ń ka gbogbo ẹsẹ Kùránì tó mọ̀, ó ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Àlájà Ṣùkúrátù jókòó sórí àpáta kan létí adágún, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ti wọ omi dé orúnkún, tòun ti bàtà kámúbáàsì.

"Àlájà!"

Ó yíjú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó wò ó. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀, níbi tí kò séèyàn.

"Rahim? Ta ló wá jókòó tì mí níbí?"

"Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, Àlájà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ lo ní kí n dúró kí ìkùukùu ká. O jókòó síbí. O ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ti ṣe díẹ̀, wàá ní, 'Ẹ sún mọ́wájú sí i.' Mo sì ń sún."

Rahim sún mọ́ ọn. Ó fà á dìde, ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n kọrí sọ́nà. Ìkùukùu ṣì bo òkè náà, ibi tẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, ikú wà lọ́tùn-ún, ikú wà lósì. Wọ́n rìn dé ìdajì.

"Àlájà, ẹ dúró."

Ẹ̀yìn lohùn náà ti wá. Ohùn Rahim ni. Bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nímú gan-an ló ṣe fà á.

"Ẹ má bá a lọ. Èmi rè é. Ẹ padà, ìsàlẹ̀ jìn."

Àlájà dúró gbagidi. Ó wo ọwọ́ tó di tiẹ̀ mú. Ó wo ojú ẹni tó ni ọwọ́ náà. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èwo ni Rahim?"

Kí ni kó sọ? Ohunkóhun tó bá sọ, ohùn yẹn náà lè sọ ọ́. Orúkọ bàbá ẹ̀, ilé wọn, àdúrà, gbogbo ẹ̀. Rahim fọwọ́ gbá àyà ara ẹ̀. "Ení." Ó fọwọ́ kan èjìká Àlájà. "Èjì. Àwa méjì la wà níbí, Àlájà. Àwa méjì la máa dé ìsàlẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i?" ohùn ẹ̀yìn wí, ó ti sún mọ́ sí i. "Ó ń kà yín. Èmi ò lè kà yín láé."

Àlájà mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì gbá ọwọ́ Rahim mú, ó mú un débi tó fi dùn ún.

"Ẹni tí mo sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń kà mí," ó wí. "Máa kà á lọ, jàre. Má bojú wẹ̀yìn."

"Ení, èjì," Rahim wí. Wọ́n gbẹ́sẹ̀. "Ení, èjì." Nǹkan kan ń tẹ ẹrẹ̀ pọ̀ṣọ́ pọ̀ṣọ́ tẹ̀lé wọn. Wọn ò wò ó. Ó tẹ̀lé wọn dé oko ẹ̀gẹ́, títí oòrùn fi bà wọ́n lórí, ló bá dákẹ́.

Afeefah sunkún, ó bú ìyá ẹ̀ lédè Twi, ó fún un lóògùn. Wọ́n gbé Àlájà jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó ṣàwàdà. Yàkúbù ti ṣáná sí mọ́tò, ṣùgbọ́n Rahim dúró láàárín wọn, ó nàka sí wọn ní ojú kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ojú ni, ó kà wọ́n dé èjìlá.

Àlájà ò yíjú. Ojú fèrèsé ló ń wò, níbi tí ọ̀nà òkè náà ti yọ.

"Tún un kà," ó ní.

Ó tún un kà. Nígbà tí wọ́n dé Adenta lójú ọ̀nà ilé, ó tún un kà.