Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìdí Ti Ẹ̀gbọ́n Rásákì

Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sẹ́ńtà. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Homewood, lẹ́yìn Chicago, ló gbà mí láti máa gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá, mo dúró láàárín pápá kí rẹfirí lè ju bọ́ọ̀lù sókè fún èmi àti sẹ́ńtà ẹgbẹ́ kejì. Mo gbójú sókè, Ẹ̀gbọ́n Rásákì ni mo rí. Òun ló gbà mí sílé ní Hyde Park nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tó tún kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù náà. Kò sọ fún mi pé òun ti lọ sí ẹgbẹ́ kejì náà.

Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàsán, sà.”

“Pẹ̀lẹ́, Wálé. Ṣé àlàáfíà ni?”

Rẹfirí fọn fèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé mo dákú, wọ́n sáré wọlé, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. Mo ní kíkí ni mò ń kí ọkùnrin náà. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀.

Ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Iṣẹ́ sẹ́ńtà ni kéèyàn dúró sábẹ́ àwọ̀n, kó kọ ẹ̀yìn sí sẹ́ńtà kejì, kó máa fi ìdí tì í títí yóò fi ráyè ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìdí ti ẹni tí mo jẹun nílé rẹ̀? Bí mo bá ti fara kàn án, mo máa ní, “Ẹ má bínú, sà.” Rẹfirí tí kò gbọ́ Yorùbá rò pé mò ń bú Ẹ̀gbọ́n, ó kìlọ̀ fún mi.

Nígbà ìsinmi, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, pè mí.

“Kí ni ọkùnrin yẹn jẹ́ sí ẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà.”

“Ìyá kan náà?”

“Rárá.”

“Bàbá kan náà?”

“Rárá, mà.”

Ó ní tí mi ò bá tì í, kí n má padà wá mọ́.

Mo lọ ṣàlàyé fún Ẹ̀gbọ́n. Ó nu òógùn ojú.

“Láti ìsinsìnyí títí wọn yóò fi fọn fèrè ìparí, èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Tì mí.”

“Tọkàntọkàn, sà?”

“Má pè mí ní sà.”

Mo tì í. Mo tì í débi pé ó lọ jókòó lé ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ gúgúrú láàárín àwọn òǹwòran, mo sì ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Rẹfirí ní òun ò rí nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù yẹn la fi borí. Mo mọ̀ pé mo ti di sẹ́ńtà.

Fèrè ìparí dún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bọ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Rásákì ti ṣáájú rẹ̀ dé, gúgúrú ṣì wà nínú irun rẹ̀.

“Wọ́n ti fọn ọ́n,” ó ní. “Gba báàgì yìí, bá mi gbé e dé ìdí mọ́tò.”

Mo gbé e.