Ẹlẹ́kọ Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Tó Gba Oko Jẹ́láàní

Jẹ́láàní kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n sì sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àdúà ń lọ lọ́wọ́ ní àgbàlá rẹ̀, ìránṣẹ́ kan gun kẹ̀kẹ́ wọlé pẹ̀lú lẹ́tà olóǹtẹ̀ láti bírò ìjọba ní Àjàṣẹ́. Orí gbogbo wa wú. A ní ìjọba kò gbàgbé ẹni rere, wọ́n ti kọ̀wé bá wa kẹ́dùn. Àwọn àgbà ní kí ọmọ Kétu, ìyẹn èmi, dìde kí n kà á, nítorí èmi nìkan ni mo gbọ́ Faransé níbẹ̀.

Mo dìde, mo kà á. Lẹ́tà náà ní a ti ṣàkíyèsí pé koríko orí pápá tí ó wà ní ìkáwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́láàní ti ga kọjá kókósẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́láàní fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé, láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, kí ó ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ tán. Àlùfáà wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ràfátù, opó olóògbé, fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí léèrè:

“Ọmọ Kétu, ṣé wọ́n sọ ẹni tí yóò lọ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ó wà?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin ọ̀gá Bírò Ìrìnnà Òfúrufú lónìí. Ta ni ẹ fẹ́ rán? Ṣé ìránṣẹ́ oníkẹ̀kẹ́ yẹn náà ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Jẹ́láàní jẹ́, nítorí ó hàn pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dé Ifangni wá kàwé, n kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kí ènìyàn ní ohùn Kétu tèmi, wọn a dáhùn, wọn a sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Jẹ́láàní ni ó kọ́kọ́ kí mi tí kò rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ ni, ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká. Ó pè mí wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, ó wá fa ìwé pẹlẹbẹ aláwòrán kan yọ lábẹ́ ẹní. Ó ní, “Wọ́n ní o mọ̀wé. Bá mi wo ibi tí àlejò mi dé.”

Àlejò rẹ̀ náà ni elikọpitẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní apá ni, abẹ̀bẹ̀ ńlá kan ni ó ń yí lórí rẹ̀, ó sì lè gbéra lójú kan kí ó balẹ̀ lójú kan bí adìẹ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà. Ní ọdún kejì tí Dàhòmè gba òmìnira, òyìnbó oníṣòwò kan tó ń tà á wá sí Ifangni láti Kùtọnù, òun àti Victorin, akọ̀wé bírò yín. Òyìnbó náà ní ọjà ọkọ̀ yìí ń gbòòrò ní gbogbo agbègbè wa. Ó ní àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ní Nàìjíríà ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, àwọn olóko ńláńlá sì ń fi í wọ́n oògùn sórí òwú. Ó ní orílẹ̀-èdè tuntun tí kò bá ní ọ̀kan dà bí ọkọ ìyàwó tó wá síbi ìgbéyàwó láìwọ bàtà. Kí ọdún márùn-ún tó pé, gbogbo ìlú tó bá ní ọjà yóò ní pápá elikọpitẹ́ẹ̀ tirẹ̀. Bírò yín gbà á gbọ́. Ẹ kò ra ọkọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ ní kí á kọ́kọ́ wá ilẹ̀. Ẹni tí kò lẹ́ṣin ti ń gbẹ́ ibùjẹ ẹṣin.

Victorin ní kí Ifáṣínà, akígbe ìlú, kéde rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó pe orúkọ ọkọ̀ náà fún un, ní Faransé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lórí mobileti, alùpùpù rẹ̀. Ifáṣínà kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni ẹnu rẹ̀ máa ń sọ. Ó lu agogo yí ìlú ká, ó ní Ẹlẹ́kọ Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń bọ̀ láti Kùtọnù, òkè ni yóò gbà wá, ilẹ̀ títẹ́jú ni ó sì ń wá láti balẹ̀ sí.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo ẹlẹ́kọ Ifangni ti pé jọ, Ràfátù sì ni aṣíwájú wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ewé gbódògì ni Ẹlẹ́kọ Pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí fi ń pọ́n ẹ̀kọ tàbí ewé eéran. Wọ́n bi ara wọn léèrè irú ẹ̀kọ tí yóò ti Kùtọnù wá tí kò ní kan lójú ọ̀nà. Ọ̀kan ní ẹni tó ń ti òkè bọ̀ kò gbọdọ̀ rò pé òun yóò jókòó lé àwọn lórí. Ìjà fẹ́ bẹ́. Jẹ́láàní, tí kì í fẹ́ ìjà, wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pẹ̀tù sí aya rẹ̀ nínú. Ó ní bí ó bá di dandan kí obìnrin náà wá, kí ó wá jókòó sórí ilẹ̀ òun, kí Ràfátù lè máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ro ibi tí àpótí kan àti ìkòkò kan lè gbà. Ó tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé tí Victorin nà sí i.

Victorin kò kọ àpótí, kò kọ ìkòkò. Gbogbo oko ni ó kọ, láti etí ọ̀nà Igolo títí dé ìdí igi ìgbá. Kí aráyé tó mọ̀ pé ẹlẹ́kọ náà kì í ṣe ẹlẹ́kọ, yíǹkì ti gbẹ.

A máa ń fi Ifáṣínà ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó wò, n kò sì rí ibi tí ó ti ṣì í. Oko yẹn ni Jẹ́láàní ti ń gbin àgbàdo tí Ràfátù fi ń ṣe ẹ̀kọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á, ọjà Daagbé ni Ràfátù ti ń ra àgbàdo, ó sì ń rù ú wálé. Obìnrin mẹ́ta ní ìdí mọ́sálásí ti gba oníbàárà rẹ̀ nítorí kì í tètè dé. Àbí kí ni à ń pe ẹni tó wá láti Kùtọnù, tí kò pọ́n ẹ̀kọ kan, tó sì gba ọjà lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ?

Bírò yín sọ Jẹ́láàní di olùṣọ́ pápá. Ó gbà á bí oyè. Ó ní ẹ̀sìn òun kọ́ òun pé ohun tí a bá fi lé ọ lọ́wọ́, ìwọ ni a ó bi léèrè rẹ̀. Àràárọ̀ ni ó ń roko ibẹ̀. Ẹ ní kí ó fi ẹfun fa àmì róbótó kan sáàárín pápá, kí ó sì kọ lẹ́tà H sínú rẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó wo H náà títí, ó sì ní òun ti mọ ohun tó jẹ́: àkàsọ̀ ni, èyí tí àlejò yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ní kí ó fi àpò aṣọ gígùn kọ́ sórí ọ̀pá, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ kò fi aṣọ ránṣẹ́. Ó gé ẹsẹ̀ kan nínú ṣòkòtò ọdún rẹ̀, ó sì gbé e kọ́. Ní ọjọ́ Iléyá, agbádá tó gùn dé ilẹ̀ ni ó wọ̀ lọ sí yídì, ó sì rọra ń rìn. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ló lè mọ̀. Èmi máa ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn, nítorí ojú máa ń tì mí láti wo ojú wọn.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ka ìwé pẹlẹbẹ yẹn fún un. Òyìnbó oníṣòwò ló fún un. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fa ìlà pupa kan sí, ó ti ìsàlẹ̀ gun òkè bí ejò tó ń gun ọ̀pẹ. Mo ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n ṣe ń ra elikọpitẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ni ìlà náà ń sọ. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ títí dé òkè ìwé.

“Ṣé ìlà yìí máa ń sọ̀ kalẹ̀?”

Mo ní ó tì, ìwé náà ní yóò máa gòkè ni.

Ó mi orí. “Ohun tí kò mọ̀ ju gíga lọ, báwo ni yóò ṣe balẹ̀ ní Ifangni?”

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ní àwọn tó kàwé nílùú òyìnbó lọ́dọ̀. Èwo nínú wọn ni ó bi oníṣòwò náà ní ìbéèrè yẹn?

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni elikọpitẹ́ẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ń fò lọ ní apá Ìdí-Ìrókò, ní òdìkejì ẹnubodè, àwọn ará Igolo sì ń sá tẹ̀ lé ìró rẹ̀. Jẹ́láàní sáré dé àárín pápá, ó tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pá, ó ń fì í. Ọkọ̀ náà kọjá lọ. Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó sórí àkàsọ̀ rẹ̀, ó ń wo ẹfun ilẹ̀, ó ní, “Kò rí wa ni. Ẹfun wa ti ń ṣá.” Ẹ̀bi ara rẹ̀ ni ó dá. Nínú gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ elikọpitẹ́ẹ̀ yìí kàn, láti Kùtọnù títí dé Ifangni, òun nìkan ni mo tíì gbọ́ kí ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ wá ránṣẹ́ pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá wo pápá. Ọjọ́ kejì ọjà ni ẹ dá. Òjò ìparí ọdún ń rọ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Jẹ́láàní fa àmì rẹ̀ tán, òjò fọ̀ ọ́ lọ. Ó tún un fà, òjò tún fọ̀ ọ́. Ràfátù dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń pè é pé kí ó wọlé, pé ọ̀gá náà kò ní jẹ ẹfun. Ó fà á nígbà kẹta, ó sì fi ẹní ara rẹ̀ bò ó. Ilẹ̀ mọ́, àmì mọ́, òun sì ń gbọ̀n. Ọ̀gá kò wá. Wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Ẹni tó ń bọ̀ wá wo ibi tí ohun tó ń fò yóò balẹ̀ sí ní ọ̀nà kò dára! Ibà tó mú un nínú òjò náà kò lọ mọ́, ikọ́ wọ̀ ọ́, ọjọ́ kẹfà ni ó kú. Nígbà tí ọ̀nà gbẹ, ọ̀gá yín jókòó sínú mọ́tò kọjá lọ sí Igolo, ó wo koríko láti ojú fèrèsé, ó sì kọ lẹ́tà.

Nínú oṣù kìíní, èmi àti Ràfátù lọ sí Àjàṣẹ́ láti gba ilẹ̀ náà padà. Victorin ni ó gbà wá. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fún màmá ní àga, ó sì kí wọn kú ara fẹ́rakù. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n tó lè dá ilẹ̀ padà, ìwé gbọ́dọ̀ wà tó sọ pé elikọpitẹ́ẹ̀ kò bọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n fáìlì elikọpitẹ́ẹ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀, ọjọ́ tí elikọpitẹ́ẹ̀ bá sì dé ni wọn yóò ṣí fáìlì rẹ̀.

“Bon, màmá,” ó ní, “ẹ ò rí i pé a ò lè ti ilẹ̀kùn tí a kò tíì ṣí?”

“Ọmọ mi,” Ràfátù ní, “kí ló wá há mi lọ́wọ́?”

Victorin fi ọwọ́ pa tábìlì. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ọjà elikọpitẹ́ẹ̀ ṣì ń gòkè ní gbogbo agbègbè.

Ràfátù dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. “Kí ọjà tó ń gòkè máa gòkè lọ. Èmi, ilẹ̀ ni mo ń béèrè.”

A jáde. A rìn dé ìdí mọ́tò. Ó bi mí bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè rèé. A kò béèrè òkúta ìrántí, a kò ní kí ẹ fi orúkọ Jẹ́láàní sọ òpópónà. A fẹ́ kí ẹnì kan nínú bírò yín, ẹnì kan tó ní orúkọ tó sì ní ìyá, mú kálámù. Kí ó kọ ọ́ pé elikọpitẹ́ẹ̀ kò bọ̀, pé bírò yín ni ó ṣàṣìṣe, pé Jẹ́láàní wà lẹ́nu iṣẹ́ títí iṣẹ́ náà fi pa á, àti pé ilẹ̀ rẹ̀ ti padà di ti aya rẹ̀. Kí ó buwọ́ lù ú. Kí ó má fi rán oníkẹ̀kẹ́. Kí òun fúnra rẹ̀ gbé e wá, kí ó dúró ní àgbàlá náà, kí ó kà á sókè, ní Yorùbá, kí n má baà tún túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún opó mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ rọ̀. Bí ó bá rọ̀ tí ìwé náà kò tíì dé, Ràfátù yóò gbin àgbàdo rẹ̀ láti etí ọ̀nà títí dé ìdí ìgbá. Mo ti yá ọkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá wa dúró, kí ó gba òkè wá.