Àwọn Ọkùnrin Tí Ara Wọn Le

Inú mi kò tíì rọ̀ sí ilé ìwòsàn yẹn títí di òní. Kò sì rọ̀ sí àwọn ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀, ọkọ mi ló ṣíwájú wọn.

Ìtọ̀ ló ń dà á láàmú. Láti Fìdítì ni mo ti máa ń sìn ín lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọmọbìnrin aláṣọ funfun kan kúnlẹ̀ kí wa, ó ní àwọn fẹ́ mọ iye ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin wọn kò le mọ́ láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú ìtọ̀. Ẹni tí ìṣòro náà bá bá jà, dókítà yóò tọ́jú rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pe kálukú sí kọ̀rọ̀ bi í, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń bi wọ́n, níṣojú ìyàwó, níṣojú àna, níṣojú ẹni tó ń kiri gúgúrú.

Bàbá àkọ́kọ́, tí wọ́n ti rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ lábẹ́, gbóhùn sókè: "Ó ń ṣiṣẹ́ bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin!" Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò jẹ́wọ́ pé tòun ti kú? Gbogbo wọn ni tiwọn ń ṣiṣẹ́. Àwa ìyàwó ń wo ilẹ̀.

Ó kan ọkọ mi. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Kò síyọnu níbẹ̀ rárá."

Ara mi gbóná. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọkùnrin yìí ti ń sùn ní pálọ̀. Awẹ́ ló máa ń lọ nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo sì gbà pé obìnrin ló ní níbẹ̀. Mo bú u, mo bú obìnrin náà, kò jiyàn rí; ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń rín. Ó wá jókòó, ó ń jẹ́rìí pé nǹkan ń ṣiṣẹ́. Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́? N kò lè bi í níbẹ̀, nítorí obìnrin ilé wa kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ láàárín èrò.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wọn. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín ní Awẹ́."

"Ìyá wọn, rọra."

"N ò ní rọra!"

Ó kọjú sí fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò ní obìnrin kankan ní Awẹ́. Àgbo ni mo ń lọ mu níbẹ̀, kò sì ṣiṣẹ́. Kò le mọ́. Kí o máa pè mí ní alágbèrè sàn fún mi ju kí o mọ̀."

Àánú kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe mí, inú ló bí mi sí i. Gbogbo ẹkún tí mo sun, gbogbo èpè tí mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin tí kò sí! Dókítà tó lè tọ́jú rẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn wa.

Mo ní ká padà síbẹ̀. "Ó ti bọ́," ó ní. "Wọ́n ti kà mí mọ́ àwọn tí ara wọn le."

"Dírẹ́bà, ó wà o!" ni mo ké.

Mọ́níyà ni a ti bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má dójú ti òun. Mo fà á lápá sọdá títì, níbi tí bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ti ń gbèrò.

"Bẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́nu yín ò là," mo ní, "èmi ni n ó sọ ọ́, lórí bẹ́ǹṣì yẹn, lójú gbogbo àwọn alágbára yẹn."

Bọ́ọ̀sì dé. Òun ló kọ́kọ́ wọlé.