Àtọ̀gbẹ Ìyá Wa àti Ọmọ Ńlá Tí Mo Bí

Àtọ̀gbẹ ni ó pa ìyá wa, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn ẹbí wí. Wọ́n ní ọ̀tá ni ó da nǹkan sílẹ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Aflao-Gakli ní Lomé, pé ó tẹ̀ ẹ́ ni egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi jiná. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀tá rọlẹ̀, wọ́n mú òmíràn wá: àrùn ìdílé ni. Ìyá ìyá wa náà kú bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí obìnrin ilé wa tí yóò bọ́ nínú rẹ̀. Èyí kejì yìí ni ó wọ̀ mí lára jù. Àdúrà lè lé ọ̀tá lọ. Kí ni èèyàn yóò fi lé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀?

Aṣọ ni mò ń rán, ní Adakpamé, ní Lomé kan náà, níwájú ilé tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó nídìí ẹ̀rọ. Bí ooru bá mú, mo máa ń ra súkúrérì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù nini, kí ojú mi lè là. Ara mi ń tóbi sí i. Ọkọ mi ní àmì àlàáfíà ni, inú mi sì ń dùn.

Lọ́dún tí mo dé ọjọ́ orí tí egbò ìyá wa bẹ̀rẹ̀, bàtà tí mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bó mi lẹ́sẹ̀. Mo retí kí ó jiná, kò jiná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru Lomé kí ọkọ mi má bàa rí i. Mò ń rán aṣọ, ṣùgbọ́n òórùn báńdéèjì ìyá mi ni mò ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Baguida létí òkun ni ó tú àṣírí mi. Ó wá kí mi ní Sátidé kan, ó sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Òtútù ń mú ọ ni?"

Mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà bọ́ fúnra rẹ̀, ó rí egbò náà.

"O ti ṣe àyẹ̀wò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò? Ẹ ṣáà mọ ohun tó wà nílé wa."

"Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá wa kò tètè lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ Ajé, má jẹun àárọ̀. Mò ń bọ̀ wá mú ọ."

Nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé náà, nọ́ọ̀sì obìnrin kan ni ó gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Bí a ṣe ń dúró de èsì, ó ń bi mí ní ìbéèrè ní Faransé. Ta ló ní i nínú ẹbí yín? Ṣé ẹ máa ń rìn? Ó wọ̀n mí, ó fi téèpù yí ikùn mi ká, irú èyí tí èmi fi ń wọn àwọn oníbàárà mi. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Àwọn ọmọ tí ẹ bí, ṣé èyí tó tóbi wà nínú wọn?"

Orí mi wú. Mo sọ fún un bí àkọ́bí mi ṣe tóbi tó, tí àwọn agbẹ̀bí ń pe ara wọn wá wò ó. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti ga nínú ẹ̀jẹ̀ yín nígbà oyún yẹn, òun ló sábà ń mú ọmọ tóbi bẹ́ẹ̀. Ṣúgà náà sábà máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní i rí, ó yẹ kí ó máa yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín?"

Kò sẹ́ni tó sọ. Ọmọ tí mo fi ń yangàn!

Nígbà tí èsì dé, tí nọ́ọ̀sì tún pè wá wọlé, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé.

"Màdáámù, ẹ kò ní àtọ̀gbẹ."

Mo ní kí ó tún un sọ.

"Ẹ kò tíì ní i. Ṣúgà yín ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé dá padà."

"Ìdílé wa ńkọ́?"

"Ìdílé wà níbẹ̀, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, n kò lè yọ wọ́n kúrò. Ṣùgbọ́n ìjókòó ọjọ́ gbogbo, ọ̀rá inú ikùn, ọtí dídùn, ọwọ́ yín ni ìwọ̀nyẹn wà."

"Egbò mi ńkọ́?"

Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ṣé bàtà tó bó yín náà ni ẹ ṣì wọ̀ wá yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú mi, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni pé a gbé ẹrù kúrò lórí mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀ títí òun náà fi gba ọjọ́ tí wọn yóò yẹ òun wò.

Mo pa bàtà náà tì, egbò mi sì jiná. Ní báyìí, omi ni mò ń mu nídìí ẹ̀rọ, mo sì ń dìde rìn kiri kí n tó ki òwú míràn bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò, ṣúgà náà ti lọ sílẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ láti sọ fún un. Ó ti se ọbẹ̀ ilá ẹlẹ́ja dè mí. Ó bu ẹ̀kọ díẹ̀ fún mi, ó wò mí lójú, ó tún fi ẹja kan kún un. A jókòó síta níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, mo sì jẹun láìbẹ̀rù.